Eyín Alhájà: ká gbìn ín lọ́jọ́ kan náà, àbí ká dúró?

Gúgúrú ló bà á jẹ́. Alhájà jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọjà Gbági, n'Íbàdàn, ó ń da gúgúrú àti ẹ̀pà sẹ́nu, ó ń bá oníbàárà ná àǹkárá lọ́wọ́, ló bá gé ọ̀kan tí iná kò tú jẹ. Ó ní òun gbọ́ ìró rẹ̀ nínú etí, "pá!", bí ìgbà tí èèyàn dá igi ìdáná sí méjì. Kò dùn ún púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kẹta ló wá bá èmi dókítà eyín, ó fọwọ́ gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì mú, ó ní eyín òun "ń rìn".

Mo gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀ kí n tó kọ èyí, mo sì yí nǹkan díẹ̀ padà kí ará ọjà má baà dá a mọ̀. Ẹni ọdún 58 ni. Ó ní ìtọ̀ ṣúgà, ṣùgbọ́n kì í fi oògùn rẹ̀ ṣeré. Àyẹ̀wò HbA1c rẹ̀ tó kẹ́yìn, èyí tó ń sọ bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ṣe rí láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, jẹ́ 6.9. Ó ń lo amlodipine fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Kò mu sìgá rí, obì ni tirẹ̀. Mo bi í bóyá wọ́n ti fún un ní oògùn eegun rí, irú èyí tí wọ́n ń fún àwọn ìyá àgbà tí eegun wọn ti ń fúyẹ́. Ó ní rárá. Mi ò kì í fo ìbéèrè yẹn, nítorí àwọn oògùn kan wà lára wọn tó jẹ́ pé bí a bá yọ eyín ẹni tó ń lò ó, egungun párì lè kọ̀ kó má jinná.

Eyín ńlá àkọ́kọ́ lókè, lápá òsì, ni. Ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, níbòmíràn, wọ́n ti yọ iṣan inú rẹ̀, wọ́n sì dí i. Ẹni tó ṣe é kò dé e ládé, ìyẹn ìbòrí líle tí a ń fi bo orí eyín. Eyín ẹ̀yìn tí iṣan rẹ̀ ti kúrò tí a kò dé dà bí ìkòkò tó ti sán tí a ṣì ń gbé kaná: ó lè pẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bọ̀. Mo ti irin tín-ín-rín bọ àárín rẹ̀. Ìdajì kan yẹ̀ sápá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìdajì kejì yẹ̀ sápá àjà ẹnu. Ó ti là dé ìdí. Kò sí gọ́ọ̀mù tó lè lẹ ìyẹn pọ̀.

A sọ̀rọ̀ nípa eyín oníke tí èèyàn ń yọ lálaalẹ́. Ó ní ìyá òun ní irú ẹ̀, ó sì gbé e mì lẹ́ẹ̀kan. A sọ̀rọ̀ nípa afárá, èyí tó gba pé kí a gbẹ́ eyín méjì tí kò ṣẹ̀ kí a lè gbé ẹ̀kẹta kọ́ wọn láàárín. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kò jẹ́ kí n parí ìyẹn. Nọ́ọ̀sì ni, London ló ń gbé, ó wálé fún ọ̀sẹ̀ méjì ní Oṣù Kejìlá 2024, òun náà ló sì fẹ́ sanwó.

"Dókítà, ímpláǹtì la fẹ́. Mo ti kà nípa ẹ̀. Ẹ yọ ọ́, ẹ gbin òmíràn síbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Mo fẹ́ kó ti parí kí n tó padà."

Kí n dúró díẹ̀ níbí, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Ímpláǹtì kì í ṣe eyín. Èèkàn titanium ni, èyí tí a ń yí wọ inú eegun bíi skúrúù. Eegun ní láti dì mọ́ ọn kí a tó gbé eyín lé e, bí onílé ṣe máa ń jẹ́ kí ìpìlẹ̀ gbẹ kó tó mọ ògiri sórí ẹ̀. Bí mo bá tiẹ̀ gbin èèkàn náà kí ẹ̀jẹ̀ tó dá lójú ihò, ó tó oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà kí Alhájà tó fi eyín náà jẹ ohunkóhun, tó bá jẹ́ ẹ̀yìn òkè. Ohun tí ọjọ́ kan náà ń gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ abẹ kan, àti oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí a ì bá fi dúró. Èrè gidi ni. Kì í ṣe idán.

Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí kò kánjú rárá. Per-Ingvar Brånemark, ará Sweden, ló ṣàkíyèsí lára ehoro ní 1952 pé eegun máa ń dì mọ́ titanium pinpin. Ní 1965 ló kọ́kọ́ gbìn ín fún èèyàn, ní Gothenburg. Ìlànà tirẹ̀ ni pé kí a yọ eyín, kí ojú rẹ̀ jinná tán fún ọ̀pọ̀ oṣù, kí a wá gbin èèkàn, kí a tún fi ẹran bò ó fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà bó bá jẹ́ párì òkè. Schulte àwọn ará Tübingen ní Jámánì ti ń gbin tiwọn sínú ihò tútù ní 1976, àmọ́ kì í ṣe titanium ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà tó di 2003, àwọn àgbà iṣẹ́ yìí pé jọ sí Gstaad ní Switzerland, wọ́n pín àkókò sọ́nà mẹ́rin: ọjọ́ tí a yọ eyín gan-an, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ, tí ẹran ti bo ojú ihò, ọ̀sẹ̀ méjìlá sí mẹ́rìndínlógún, tí eegun ti ń kún un, àti ìgbà tó bá ti ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún lọ, tí ojú rẹ̀ ti jinná tán. Nínú ẹjọ́ Alhájà, àárín ìkíní àti ìkẹta la ti ní láti yàn.

Eyín ẹ̀yìn òkè kò ṣeé fi wé ti iwájú. Gbòǹgbò mẹ́ta ló ní, ó rí bí ààrò mẹ́ta: méjì lápá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọ̀kan lápá àjà ẹnu. Eegun kékeré kan wà láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, níbi tí iná ì bá wà. Eegun àárín yìí ni gbogbo ìrètí ẹni tó fẹ́ gbìn lọ́jọ́ kan náà, torí inú rẹ̀ ni èèkàn máa dúró sí; àwọn ihò gbòǹgbò fúnra wọn, òfìfo ni. Lókè rẹ̀ ni sáínọ́ọ̀sì wà, yàrá afẹ́fẹ́ inú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí awọ tó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà tẹ́ inú ẹ̀. Eegun ibẹ̀ tún rọ̀ ju ti párì ìsàlẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti lu méjèèjì mọ̀ ọ́n lọ́wọ́: ti ìsàlẹ̀ iwájú ń ké bí igi ìrókò, ti òkè ẹ̀yìn ń gba dríìlì bíi búrẹ́dì àná.

Ní 2013, Smith àti Tarnow sọ irú ihò mẹ́ta tí eyín ńlá máa ń fi sílẹ̀. A ni èyí tí eegun àárín rẹ̀ tóbi débi pé ó gba èèkàn mọ́ra yíká. B ni èyí tó lè di èèkàn mú ṣùgbọ́n tí apá kan rẹ̀ yóò yọ sínú ihò gbòǹgbò. C ni èyí tí kò sí eegun àárín tó ṣeé fọkàn tán, àyàfi kí èèkàn lọ di ògiri ìta mú.

A ya àwòrán CBCT, irú X-ray tó ń fi eegun hàn yíká. Eegun àárín Alhájà fẹ̀ tó mìlímítà 4, láti orí rẹ̀ dé ilẹ̀ sáínọ́ọ̀sì jẹ́ mìlímítà 8. Kò sí ọyún, ẹran ìdí eyín kò wú. Ògiri tó wà lápá ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò tó mìlímítà 1, èyí kò sì ṣàjèjì. Mo wò ó, mo ní B ni. Mo yí padà sí ìyá àtọmọ, mo ní, "Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún, a ó yọ ọ́, a ó sì gbìn ín."

Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Ọ̀rọ̀ onílẹ́tà méjì ni mo gbàgbé: "bí". Bí eegun bá dúró. Mo mọ̀ ọ́n, ó wà nínú fọ́ọ̀mù tí Alhájà buwọ́ lù, ní ojú ìwé kejì, ní lẹ́tà wínníwínní. Ṣùgbọ́n ohun tó ti ẹnu mi jáde lọmọ rẹ̀ gbé lọ sílé.

Lọ́jọ́rú náà, ẹnu Alhájà kú dáadáa lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Mo pín ìdí eyín náà sí mẹ́ta kí gbòǹgbò kọ̀ọ̀kan lè jáde lọ́tọ̀, kí n má baà fi ìkan ti ìkejì. Ti ẹ̀yìn jáde. Ti iwájú náà jáde, ó kàn gba sùúrù díẹ̀. Bí mo ṣe fọwọ́ kan ti àjà ẹnu báyìí, iná lọ. Inverter gbà á lójú ẹsẹ̀. Alhájà ṣẹ́jú, ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ìdajì ẹnu tó kù fún un.

Gbòǹgbò àjà ẹnu gùn, ó sì tẹ̀. Mo ti irin yíyọ bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ń rọra mì í, mo dúró, mo tún mì í. Nígbà tó dé, ó rọrùn jù. Mo gbé e sábẹ́ iná, mo sì rí i: èérún eegun kan lẹ̀ mọ́ ara gbòǹgbò náà, ó tóbi tó hóró àgbàdo. Eegun àárín ni. Nọ́ọ̀sì tó ń ràn mí lọ́wọ́ náà rí i, kò sọ nǹkan kan.

Mo wo inú ihò. Ààrò mẹ́ta ti di kòtò kan ṣoṣo. Ó fẹ̀, ó mọ́, lókè rẹ̀ ni mo rí pátákó eegun fẹ́ẹ́rẹ́ tó jẹ́ ilẹ̀ sáínọ́ọ̀sì. Mo ní kí Alhájà di imú, kó rọra fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Ẹ̀jẹ̀ inú ihò kò hó, awọ kò ya. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n C ni ihò yìí wàyí.

N kò tíì tú páálí ímpláǹtì. Mo ti fi kọ́ra tipẹ́: dọ́là la fi ń rà á, bí a bá sì ti tú u, kò ṣeé dá padà. Ìdánwò ṣì wà o. Àwọn ímpláǹtì kan wà tó fẹ̀ tó mìlímítà 7 sí 9, tí wọ́n ṣe fún irú kòtò yìí, tó máa ń fẹ̀yìn ti ògiri yíká. Àwọn kan ń lò ó, ó sì ń dáa fún wọn. N kò ní in nílé lọ́jọ́ náà. Bí mo bá tiẹ̀ ní in, ògiri tí kò tó mìlímítà 1 ni ì bá fẹ̀yìn tì lápá ẹ̀rẹ̀kẹ́, inú mi kì bá sì balẹ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi fẹ̀ ní mìlímítà 4.8. Bí mo bá sọ ọ́ sínú kòtò yẹn, yóò máa yí bí òòyì, ibi tó sì lè yí bọ́ sí ni sáínọ́ọ̀sì. Mo sọ fún Alhájà pé a ò ní gbìn ín lónìí. Ó gbé àtàǹpàkò sókè.

Mo fẹ́ fi hóró eegun kún ihò náà kó má baà súnkì jù, kí n sì fi awọ kọ́lájìn bo ojú rẹ̀. Alhájà na ọwọ́ pé kí n dúró. Ó yọ gọ́ọ̀sì lẹ́nu, ó ní, "Dókítà, eegun kí ni?" Mo ní ti màlúù. "Èkejì ńkọ́? Kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀ o?" Ìbéèrè tó tọ́ ni, torí ọ̀pọ̀ nínú awọ kọ́lájìn tí a ń lò, ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti mú un. A ka ara páálí sókè fún un: màlúù ni. Ó dá gọ́ọ̀sì padà fúnra rẹ̀. Látìgbà yẹn, mo ń sọ ti ẹranko tó wà nínú ohun èlò kí aláìsàn tó gorí àga, Mùsùlùmí ni o, Onígbàgbọ́ ni o.

Ọmọ rẹ̀ kò gbà á wẹ́rẹ́. "Dókítà, ẹ sọ fún wa pé ọjọ́ kan náà." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sọ ọ́, n kò sì sọ ọ́ tán. Mo fi gbòǹgbò hàn án. Nọ́ọ̀sì ni, ó yé e kí n tó parí àlàyé, ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ yéni kò ní kínú má bíni. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n ni ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ máa gbéra. Ó bi mí ní ìbéèrè kan tó dáa: "Tí a bá dúró, ṣé eegun ò ní tán?"

Yóò dín kù. Schropp àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Denmark wọn ojú ibi tí eyín ẹ̀yìn ti kúrò fún ọdún kan, wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2003: láti mìlímítà 12 ní ìbú sí 5.9, ìdá méjì nínú mẹ́ta àdánù yẹn sì ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi rò nígbà kan pé bí a bá tètè ti èèkàn sínú ihò, eegun kò ní lọ mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí Araújo àti Lindhe lára ajá fi hàn ní 2005 pé ògiri ìta máa ń súnkì bó ti wù kó rí, èèkàn wà níbẹ̀ o, kò sí níbẹ̀ o, torí pé eyín ló ń bọ́ apá kan eegun yẹn. Nígbà tí eyín bá lọ, oúnjẹ rẹ̀ lọ.

Alhájà tó ti fi yìnyín sẹ́rẹ̀kẹ́ lóun gbọ́ mi yé. Ó yíjú sọ́mọ rẹ̀. "Ṣé o mọ kàlíkò? Télọ̀ tó bá rán an láì rẹ ẹ́ sómi, tó bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ó di ti àbúrò. Ẹ jẹ́ kó súnkì ná, ká tó géṣọ." Mo ti ń wá àpèjúwe fún ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ti jí i lò fún aláìsàn mẹ́wàá ó kéré tán.

Àpèjúwe náà kò pé tán ṣá o. Ẹni tó dúró ń rí ìwọ̀n tó dájú kó tó gé, ṣùgbọ́n aṣọ tó kù lè má tó mọ́. Hóró eegun tí a fi dí ihò ń dín súnkì kù. Kì í dá a dúró. A jọ gbà pé oṣù mẹ́rin la máa dúró. Ọmọ rẹ̀ lọ.

Ààwẹ̀ wọlé láàárín, ó parí ní òpin Oṣù Kẹta, Alhájà sì dé ní ọ̀sẹ̀ kejì Oṣù Kẹrin 2025, ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógún nìyẹn. Àwòrán tuntun: ìbú tó jẹ́ 11.5 ti di 9.5. Ìbú kì í ṣe wàhálà. Gíga ni: mìlímítà 6 péré ló kù lábẹ́ sáínọ́ọ̀sì. Mo fẹ́ kí èèkàn tó gùn ní 8 wọlé.

Ohun tí Summers ṣàpèjúwe ní 1994 la ṣe. A lu ihò dé nǹkan bí mìlímítà 1 sí ilẹ̀ sáínọ́ọ̀sì, a wá fi irin olórí pẹrẹsẹ àti òòlù kékeré kan pátákó eegun tó kù sókè, kó gbé awọ fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn dání bí ẹni ti àgọ́ sókè látinú. Bí mo ṣe ń kàn án ni mo ń kà á fún un. Kò dùn ún, ṣùgbọ́n ó ní ó dà bí ẹni pé wọ́n ń gún iyán nínú orí òun. Awọ kò ya. A yí èèkàn 4.8 nínú 8 wọlé. Agbára tí a fi yí i wọlé, èyí tí a ń fi Ncm wọ̀n, jẹ́ 30, tó dára fún eegun tó rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. ISQ, nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń sọ bí èèkàn ṣe dúró ṣinṣin tó, jẹ́ 64.

Lẹ́yìn irú iṣẹ́ yìí, èèyàn ò gbọ́dọ̀ fun imú, kò gbọ́dọ̀ fi sítíróò mu nǹkan, bó bá fẹ́ sín kó ya ẹnu. Kò sì gbọ́dọ̀ dorí kodò. Alhájà ní, "Ìrun ńkọ́?" Mo ní kó fi àga kírun fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó má foríkanlẹ̀. Ó ní ààfáà òun ti sọ bẹ́ẹ̀ fún òun nígbà tí orúnkún ń dun òun, kò tuntun.

Oṣù márùn-ún kọjá láìsí ìtàn. Ní Oṣù Kẹsàn-án, ISQ ti di 73. A tẹ bátànì ẹnu, ẹni tó ń ṣe eyín fún wa mọ adé zirconia, irú séráámíìkì funfun kan tó le, mo sì fi skúrúù dè é, kó lè ṣeé tú bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀ sí i. Mo mọ orí rẹ̀ kéré sí ti eyín àtijọ́ díẹ̀, kí jíjẹ ohun líle má baà gbé gbogbo ìwúwo lé e.

Bí eegun àárín bá dúró lọ́jọ́rú yẹn, ó ṣeé ṣe kí adé ti wà lórí ní Oṣù Karùn-ún. Oṣù mẹ́rin la pàdánù, pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ kan sí i àti owó òòlù. N kò lè sọ pé owó kékeré ni. Mo yọ owó yíyọ eyín kúrò nínú rẹ̀, mo sì tún fọ́ọ̀mù wa kọ: "bí" ti wà ní ojú ìwé kìíní, ní lẹ́tà gàdàgbà, mo sì máa ń ní kí aláìsàn kà á sókè fún mi. A kì í sọ pé "a ó gbìn ín" mọ́. A máa ń sọ pé "a ó yọ ọ́, a ó wò ó".

Gbòǹgbò yẹn ṣì wà nínú ìgò kékeré lórí tábìlì mi, èérún eegun rẹ̀ lára rẹ̀. Alhájà ló ní kí n fi pa mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì wá pẹ̀lú irú eyín kan náà, lápá ọ̀tún, tó ti jẹrà kọjá àtúnṣe. Òun náà fẹ́ ọjọ́ kan náà. Mo gbé ìgò náà fún un, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó bi mí pé ṣé bẹ́ẹ̀ ni tòun náà máa rí. Mo ní n kò mọ̀, a ó yọ ọ́, a ó wò ó. Eegun àárín tirẹ̀ dúró, ó nípọn bí àtàǹpàkò ọmọdé. A tú páálí, a gbìn ín lọ́jọ́ náà.